Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso kọ́lẹ́ẹ̀jì wa: Ẹ dá ẹ̀kọ́ ìrìn òkè padà

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso, sí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti sí àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìdànrè, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìn òkè lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà ni mo bá wá. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde sọ pé láti sáà tó ń bọ̀, ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ìdí mẹ́ta lẹ kọ síbẹ̀: pé kì í ṣe iṣẹ́ tó lè bọ́ ènìyàn, pé ewu wà nínú igbó, pé owó kò sí. Lára pátákó yẹn ni àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ kà á. Ẹ kò pe ẹnikẹ́ni nínú wa kí ẹ tó pinnu. Àwọn bàbá ọdẹ tó ń ṣíwájú wa lórí òkè kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan títí wọ́n fi dé lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kí wọ́n máa padà sílé. Àgbàlagbà ni wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, mi ò rí èsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí síta kí gbogbo ìlú lè kà á. Mi ò bá ẹnì kankan jà. Ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn kò tọ́, àwọn ìdí tí ẹ gbé e lé kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní kì í ṣe iṣẹ́.

Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lórí àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà mọ́ ogún àgbáyé. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ti wọlé láti 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Tiwa ṣì ń dúró. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba irú ibi bẹ́ẹ̀ wọlé, lára ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú rẹ̀. Ta ni ẹ fẹ́ kí ìlú wa na ọwọ́ sí nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fúnra rẹ̀ ti kẹ́yìn sí òkè?

Ẹ wo bí àlejò ṣe ń gun òkè yìí lónìí. Yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, yóò mí hẹlẹhẹlẹ, yóò dé ààfin àtijọ́ Ọwá, yóò wo ilé ẹjọ́ àtijọ́, yóò ya fọ́tò, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dé ibi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta. Ẹni tó máa dé Omi Àpáàrá tún kéré sí i. Ọ̀nà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó lè mú wọn lọ kí ọkàn wọn sì balẹ̀ ló wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń mú àlejò lọ, ẹnu ni wọ́n fi gbọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí òòrùn mú dákú. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ènìyàn nìyẹn, ó kàn ṣófo ni, ó ń retí ẹni tó máa kọ́ ọ dáadáa.

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ fi oríṣi iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò 34 kún ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà lè kọ́. Ìrìn-àjò afẹ́ wà lára wọn nígbà náà. Èmi tí mo ń wọ kíláàsì lójoojúmọ́ mọ̀ bó ṣe le tó láti rí olùkọ́ tó lè kọ́ ọ kọjá ohun tó wà nínú ìwé. Iṣẹ́ yín sì ni láti kọ́ olùkọ́! Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ń gbé olùkọ́ ọ̀la jáde kúrò nínú yàrá, tó ń mú un dé ibi tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà lẹ pa tì.

Mo gbọ́ pé ẹnìkan sọ níbi ìpàdé pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa gun òkè láìní oko níbẹ̀. Mi ò mọ bí ọmọ ìlú wa ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀. Orí òkè yìí ni àwọn bàbá ńlá wa gbé, tí wọ́n bímọ sí, tí wọ́n jọba sí, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòde. Gbogbo ọ̀nà tí à ń rìn, ẹsẹ̀ tiwọn ló là á.

2. Ẹ ní ewu wà.

Èyí ló wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ yẹn náà ṣì ń lọ sóko lójoojúmọ́, ọ̀nà kan náà tí à ń rìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣe ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ bèèrè ọ̀nà tó dára àti èyí tí kò dára lásìkò yìí, kí ẹ wá fún wa ní ààlà. Bí wọ́n bá ní kí a má kọjá ibi báyìí, a ò ní kọjá rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn rere kò bá rìn mọ́, ẹni ibi ló máa ń jogún rẹ̀.

Ní ti ewu òkè fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí à ń kọ́, torí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ka ìlànà ẹ̀kọ́ tí a kọ ránṣẹ́ sí yín.

A máa ń dúró níwájú àpáta kí a tó gùn ún. Bàbá ọdẹ tó jẹ́ àgbà nínú wọn yóò fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àwọn ìlà dúdú tó ti òkè sọ̀ wá sílẹ̀ lára òkúta. Ipa omi ni. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí níkọ̀ọ̀kan ló hù síbẹ̀ tó fi dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìlà yẹn máa ń gbẹ gbanran, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Tí òjò bá fi lè kan án, á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Bàbá á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi dúdú, kó tún fi kan ibi tó funfun díẹ̀ tó sì rí ṣákiṣàki, kó tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan báyìí, kò nílò kí a tún sọ fún un mọ́.

Àrá ń kọ́? Àpáta Ìdànrè ga, ó sì wà ní gbangba, ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ nígbà ìjì ló ga jù níbẹ̀. A kọ́ wọn pé bí mànàmáná bá ti kọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí àrá bá sán kí wọ́n tó ka 30, ìjì náà kò jìnnà tó kìlómítà 10 tán, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà òjò, gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì wọ́pọ̀ jù.

Ejò náà wà. Ní 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì, àwọn àgbẹ̀ àti ará oko irú tiwa ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. À ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe fi abẹ gé ojú ibi tí ejò ti bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n má fi ẹnu fa á, kí wọ́n má so ó pinpin. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti bàtà, kí wọ́n di igi mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn, kó má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ ronú sí iye ilé ní Ìdànrè tí wọ́n ṣì ń fi abẹ gé ojú ibi tí ejò ti buni jẹ títí di òní. Ẹ̀kọ́ yìí ń dé àwọn ilé yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rọ́ nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kí èmi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá kan tó ń ta obì ní ọjà Òdòde, akẹ́kọ̀ọ́ wa, ti jókòó tì í. Ó ti tú gèlè rẹ̀. Ó wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó gbé wọn ti ẹsẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, ó fi gèlè dì í, ó ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ ìdì náà láti wò ó pé kò fún jù, ó tún tẹ èékánná ọmọ náà wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ó wá ní kí àwọn ọkùnrin méjì kún un lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa ni ìyá yẹn ti kọ́ ọ. Ẹ sọ fún mi bí pípa ẹ̀kọ́ náà rẹ́ ṣe dín ewu kù fún un, òun tó máa gba ọ̀nà òkè lọ kó obì lóko, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀.

3. Ẹ ní owó kò sí.

Àwa olùkọ́ kò gba owó oṣù lórí ẹ̀kọ́ yìí. Owó ọkọ̀ ni àwọn bàbá ọdẹ ń gbà, kò sì tó nǹkan. Okùn, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, fèrè àti kọ́ńpáàsì tí à ń lò, owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ni a fi rà wọ́n. Gbogbo rẹ̀ wà nínú stọ́ọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín báyìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Yàrá kan lọ́jọ́ Sátidé ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ìnáwó mìíràn tó wọ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ kọ ọ́ síta kí a rí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kún un pé owó ńlá kọ́ ló ń tọ́jú ọ̀nà òkè. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, ó gùn ju kìlómítà 3,500 lọ, láti Georgia títí dé Maine. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ títọ́jú rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é: wọ́n ń gé ẹ̀ka tó dí ọ̀nà, wọ́n ń la ojú àgbàrá, wọ́n ń kun àmì sára igi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò náà sì wà lọ́dọ̀ wọn tó ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Colorado Mountain College tó ní ọgbà sí Leadville, láàárín òkè ìpínlẹ̀ Colorado, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àlejò jù sílẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, àwọn ló ń ṣà á kúrò.

4. Ohun tí ìwé yín kò mẹ́nu bà rárá.

Ìmọ̀ ọ̀nà òkè yìí ń kú lọ, Alága. Àwọn bàbá tó mọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan, tó mọ ìsun tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó mọ ibi tí a kì í dé láìgba àṣẹ ààfin àti ìgbà tí ọdún Orósùn ti ọ̀nà pa, kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ti dàgbà. Àwọn ọmọ wọn wà ní Àkúrẹ́ àti Èkó. Iṣẹ́ tí a gbé lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n tẹ̀lé àwọn bàbá yìí, kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì yà á sórí máàpù. Máàpù ìjọba tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì, ìlà gíga òkè ló pọ̀ níbẹ̀, orúkọ kò tó nǹkan. Èyí tí a ń yà ní orúkọ. Ó ní ìsun, ó ní ojú ibi tí a ti lè sinmi lábẹ́ òjìji, ó ní ibi tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ti ń wọlé téèyàn fi lè pe ìrànlọ́wọ́. Bébà fífẹ̀ mẹ́rin tí a lẹ̀ pọ̀ ni, lórí tábìlì nínú yàrá wa. Ó ku apá gúúsù kó parí. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti ká a kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó àga jáde. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ lórí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà lókè yẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdànrè kò mọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé lára àpáta wa tí wọn kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ará Denmark kan, Arne Schiøtz, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1963, ó sì pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ kí wọ́n tó tún rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ kì í gbé inú odò bí ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ojú òkúta ni wọ́n wà, nínú omi tó ń ṣàn lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò bo èékánná mọ́lẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ tí o sún mọ́ ọn, wàá rí wọn tí ìrù wọn ń jà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lórí àpáta lásán. Ẹni tí kò mọ̀ á tẹ̀ wọ́n pa, á da omi ọṣẹ sí wọn lórí. À ń kọ́ àwọn tó ń mú àlejò lọ pé kí wọ́n yí ibẹ̀ ká. Ta ni yóò kọ́ wọn báyìí?

5. Àwọn tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ yín ń bèèrè JAMB àti ìwé ẹ̀rí girama. Ẹ̀kọ́ tiwa kò bèèrè. Ọlọ́kadà wà nínú kíláàsì wa, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá olóbì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ará ìlú tó ti ń gba iwájú géètì yín kọjá láti kékeré ń wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó parí ẹ̀kọ́ ní sáà tó kọjá kò tíì gba ìwé ẹ̀rí tí ẹ ṣèlérí fún wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti san owó rẹ̀. Èyí kò ní àwáwí kankan.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Kí ẹ pe ìpàdé kí oṣù kẹwàá tó parí, kí àwa olùkọ́, àwọn bàbá ọdẹ, aṣojú ààfin Ọwá, aṣojú Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, kí a jọ kọ òfin ààbò sílẹ̀: iye ènìyàn tí olùkọ́ kan lè mú lọ, ọ̀nà tí a lè rìn, àkókò tí a gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìwé tí gbogbo ènìyàn máa bu ọwọ́ lù kí ó tó lọ àti nígbà tó bá dé.

Kí ẹ dá ẹ̀kọ́ náà padà sínú ètò sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì kà á mọ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nínú ẹ̀ka Jọ́gíráfì àti ẹ̀ka eré ìdárayá lè gba máàkì lé lórí.

Kí ẹ fún àwọn bàbá ọdẹ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àbọ̀ṣẹ́, kí wọ́n máa gba owó tó tọ́ sí ìmọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá máa lọ bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu géètì, ọ̀gá àgbà fúnra wọn ló yẹ kó lọ.

Kí ẹ fún àwọn tó parí ẹ̀kọ́ ní ìwé ẹ̀rí wọn.

Kí ẹ dá máàpù wa padà láìya, pẹ̀lú okùn àti gbogbo ohun tó wà nínú stọ́ọ̀. Èyí kò nílò ìpàdé. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la.

Bí ẹ bá sì gbọ́ gbogbo èyí tí ẹ ṣì dúró lórí ìpinnu yín, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlú gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ yín kí a wá ilé mìíràn fún un.

Mo fi gbèdéke oṣù kẹwàá síbẹ̀ nítorí pé ní oṣù kọkànlá ni àpáta máa ń gbẹ tó fi ṣeé rìn dé apá gúúsù, kí ọyẹ́ tó dé tí èèyàn kò fi ní ríran jìnnà. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àyè náà, bàbá tó sì mọ apá ibẹ̀ jù lọ ti sọ fún wa pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun mú wa débẹ̀ lọ́dún yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Jọ́gíráfì kan, Òdòde Ìdànrè